Ipò Kẹẹ̀ẹ́dógún

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lámèyítọ́ àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù agbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé oníbàárà wọn ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní JSS 2 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ka àtẹ àsọtẹ́lẹ̀ draft líìgì NBA ti Amẹ́ríkà bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ka ìròyìn òṣèlú. Àtẹ náà kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Wọ́n á to nọ́ńbà láti 1 dé 30, nígbà mìíràn dé 60. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan yóò wà, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò tẹ̀ lé e, gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ìdí tí wọ́n fi so àwọn méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì draft ọdún kan kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti gbé ti ọdún tó ń bọ̀ jáde. Mo ń kà wọ́n, mo ń bá wọn jiyàn, mo sì máa ń dárí jì wọ́n. Ìgbà tí èmi náà dán iṣẹ́ yìí wò ni mo tó mọ ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀.

Fún àǹfààní àwọn òbí tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́: ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú NBA. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí sáà bá ti parí, wọ́n á pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun láàárín ara wọn ní ìpele méjì. Àwọn tí kò ṣe dáadáa ní sáà tó kọjá ló máa ń kọ́kọ́ yàn, kí aláìlágbára lè rí ẹni gbé e dìde. Àmọ́ kí ẹgbẹ́ kan má baà máa mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù nítorí àtiyàn ṣáájú, àwọn ẹgbẹ́ 14 tí kò wọ ìdíje àṣekágbá yóò ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò ṣíwájú. Láti ọdún 2019, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò ní ju ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ipò kìíní, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 2025, Dallas tí àǹfààní tirẹ̀ kò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni gègé mú, wọ́n sì fi yan Cooper Flagg láti yunifásítì Duke. Ẹni tó bá sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Dallas ni, irọ́ ló ń pa.

Kí ọjọ́ yíyàn tó pé, wọ́n á kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà lọ sí Chicago ní oṣù karùn-ún. Wọ́n á wọn gíga wọn láìwọ bàtà, wọ́n á wọn apá wọn láti orí ìka ọ̀tún dé orí ìka òsì, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe lè fò tó, wọ́n á sì fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tún pe àwọn tó wù ú sí ilé tirẹ̀, kí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù lójú rẹ̀. Àwọn alásọtẹ́lẹ̀ kì í sí nínú ilé náà. Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ bá sọ fún wọn ni wọ́n ń kọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣojú tó ń bójú tó ọmọ kan fẹ́ kí iye ọmọ náà lọ sókè. Yóò ní ẹgbẹ́ márùn-ún ló ń lé e. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ọmọ náà gan-an yóò ní kò wu àwọn. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà rí mọ èyí. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ kì í yìn ín lójú ẹni tó ń tà á; yóò yí i síhìn-ín, yóò yí i sọ́hùn-ún, yóò ní àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò lára aṣọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ wòlíì. Iṣẹ́ oníròyìn ni, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn dáńtọ́. Ohun tí mo ní lòdì sí wọn ni pé ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀, tí wọ́n ń dáhùn ọ̀kan, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí a gbọ́ ọ bí ìdáhùn èkejì. Ìbéèrè kìíní: ta ni ẹgbẹ́ yìí yóò pè? Ìbéèrè kejì: ta ni yóò mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wọn ní ọdún mẹ́wàá sí i? Ẹni tó fi orúkọ ọmọ kan sí ipò kejìlá, ìbéèrè kìíní ló ń dáhùn. Ọmọ ọdún 14 tó ń kà á lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ mọ́kànlá ló dára ju ẹni náà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn tó rọrùn kúrò. Ní 2003, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé LeBron James ni Cleveland yóò pè. Ní 2023, nígbà tí gègé ti mú San Antonio, ọ̀rọ̀ Victor Wembanyama ti parí níbẹ̀. Àtẹ tó bá gba máàkì nítorí irú èyí dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba máàkì nítorí pé ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ìdánwò. Ìdánwò gidi máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí, nítorí àtẹ náà rí bí àwo tí a tò léra: ẹ fa ọ̀kan yọ láàárín, gbogbo èyí tó wà lókè rẹ̀ ni yóò wó.

Ọdún 2013 ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni mí nígbà náà, tí mo sì ní láti padà lọ kà nípa rẹ̀. Cleveland tún ni ipò kìíní wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Nerlens Noel ló wà lókè ọ̀pọ̀ àtẹ. Cleveland wá pe Anthony Bennett, ọmọ Kánádà, ẹnu sì ya gbogbo ènìyàn. Noel jókòó títí di ipò kẹfà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ní gbọ̀ngàn Barclays Center ní Brooklyn, wọ́n pe orúkọ mẹ́rìnlá kí wọ́n tó dé orí ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹni ọdún 18, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Filathlitikos ní líìgì kejì ilẹ̀ Gíríìsì. Milwaukee ló pè é. Giannis Antetokounmpo ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ìlú Athens ni wọ́n bí i sí. Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí lọ síbẹ̀, Yorùbá sì ni bàbá rẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé náà kí ọwọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ ní èdè Gíríìkì tó tẹ̀ ẹ́. Títí dòní ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kan ń fi orúkọ yìí gé ahọ́n ara wọn jẹ. Ká ní ìyá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú wà nínú gbọ̀ngàn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ì bá ti bá wọn pè é láìkọsẹ̀, ì bá sì ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa àwọn àtẹ ọdún náà ni pé wọn kò ṣì í púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn fi Giannis sí àárín tàbí apá ìparí ìpele kìíní, agbègbè ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti pè é. Bí a bá ń fún wọn ní máàkì lórí iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe, wọ́n yege lórí rẹ̀. Lórí Bennett ni wọ́n ti kùnà. Ẹ wá bá mi wò ó: níbi tí wọ́n ti kùnà, bóyá ojú wọn tilẹ̀ ríran ju ti Cleveland lọ, níbi tí wọ́n ti yege, wọn kò rí ohun tó wà níwájú wọn. Giannis gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní 2019, ó tún gbà á ní 2020. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2021, ó jẹ pọ́ìntì 50 nínú ìdíje kan ṣoṣo, Milwaukee sì gba ife tí wọn kò gbà láti 1971. Kò sí ìkankan nínú èyí tó sọ àtẹ 2013 di èké. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n pè é sí lóòótọ́. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí ènìyàn ti lè gbà á báyìí, kí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ náà sì fò ó ru.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìgbàgbọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwa náà ní lédè wa: ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn òwe yìí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi Hakeem Ọlájùwọ́n wọ̀n ọ́n wò. Ní Èkó, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1963, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló ń gbá. Ó ti dàgbà dáadáa nílé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Ó dé yunifásítì Houston ní 1980. Ní 1984, Houston Rockets pè é ní ipò kìíní, ṣáájú Michael Jordan tó ṣe ìkẹta. Ṣámúṣámú tirẹ̀ ní kékeré, ẹnu ilé góòlù ló ti ń ṣe é. (Àwọn ènìyàn máa ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́ pé Sam Bowie ni wọ́n yàn ní ipò kejì lọ́dún náà, tí wọ́n fi Jordan sílẹ̀. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ní Clyde Drexler ní ipò tí Jordan ń gbá, ọkùnrin gíga ni wọ́n nílò. Ẹsẹ̀ Bowie, tó ti mú kó pàdánù sáà méjì ní yunifásítì, ló yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù.)

Apá tí mo kórìíra jù nínú àtẹ àsọtẹ́lẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé "ó jọ lágbájá". Ọmọ ọdún 19 kò tíì gba owó oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ti gbé agbádá ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Ní 1998, Los Angeles Clippers ló ní ipò kìíní, Michael Olowokandi ni wọ́n sì pè: ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, tó ti kúrò lọ́mọdé kí ó tó kọ́ eré náà, tó sì fúnra rẹ̀ fi fóònù pe yunifásítì Pacific ní California pé òun fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ ẹni tí ojú máa ń wá lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èkó, gíga, ìbẹ̀rẹ̀ tó pẹ́: Ọlájùwọ́n kejì. Bẹ́ẹ̀ ìbejì pàápàá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orí wọn. Vince Carter wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà títí di ipò karùn-ún, Dirk Nowitzki títí di ìkẹsàn-án, Paul Pierce títí di ìkẹwàá.

Títí dòní, bí wọ́n bá ń to orúkọ àwọn tó já ẹgbẹ́ wọn kulẹ̀, ti Olowokandi kì í gbẹ́yìn. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì lo sáà mẹ́sàn-án nínú líìgì tó le jù láyé! Bó bá jẹ́ ipò ogójì ni wọ́n ti pè é ni, à bá máa fi ìtàn rẹ̀ gba àwọn ọmọ níyànjú nílé ẹ̀kọ́. Nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́, òun kọ́ ló sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Nikola Jokić kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà tí à bá jiyàn lé lórí. Ipò 41 ni Denver ti pè é ní 2014, ìpolówó oúnjẹ ló sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n lásìkò náà. Àtẹ tó bá parí sí 30 kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ tún wo èdè tí wọ́n ń lò. Wọ́n ní ọmọ yìí kò tíì jinná, bíi pé ẹ̀wà ni. Wọ́n ní àjà ti ọ̀kan ga ju ti èkejì lọ, bíi pé ilé ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n ní ẹni ọdún 22 ti dàgbà jù, ibi tó dé yẹn náà ló máa dé. Ẹ̀gbọ́n mi, tó pé ọdún 22 lọ́sẹ̀ tí a ka èyí, tó sì ń dúró de ààyè ní yunifásítì, wo ojú mi, ó ní, "Ṣé o gbọ́ pé mo ti darúgbó?" A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀rín náà ni mo rí i pé ó ti pa fóònù náà dé.

Àwọn kan máa ń sọ pé babaláwo òde òní ni àwọn alásọtẹ́lẹ̀ wọ̀nyí. Ní ọ̀nà kan, òótọ́ ni. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn náà ń tún àtẹ wọn tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì bá wọn wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n babaláwo kì í dífá tán kó kàn dìde lọ. Yóò sọ ẹbọ, yóò sọ ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, nítorí ohun tí ó rí kò tíì parí. Ọwọ́ ẹni tó wá dífá ṣì wà nínú rẹ̀. Àtẹ àsọtẹ́lẹ̀ kò ní ẹbọ. Kò ní sọ fún wa pé bí ọmọ yìí bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ní sùúrù, báyìí ni. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń kánjú, báyìí ni. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, pọ́ìntì 6.8 péré ni Giannis ń jẹ ní ìdíje kan. Bennett ń jẹ 4.2. Lójú ẹni tó ń wo nọ́ńbà nìkan, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Milwaukee fi Giannis sórí pápá nínú ìdíje 77 ní sáà náà, kó máa ṣe àṣìṣe kó sì máa kọ́ṣẹ́. Bennett, tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ní èjìká kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, gbá 52, nígbà tí ọdún sì yípo, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Minnesota. N kò sọ pé bí wọ́n bá pààrọ̀ ilé fún àwọn méjèèjì, ìtàn wọn ì bá pààrọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àtẹ kò tilẹ̀ bi wá ní ìbéèrè náà.

Ní 2025, mo kọ àtẹ tèmi sínú ìwé, 1 dé 14. Mo gba Flagg, mo gba Dylan Harper tí San Antonio pè ní ipò kejì. Lẹ́yìn náà, mo fi Ace Bailey sí ipò kẹta, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í sí fún oṣù púpọ̀. Bailey kò lọ gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ wò ó, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Philadelphia pe VJ Edgecombe ní ipò kẹta, Utah ló mú Bailey ní ìkarùn-ún. Inú bí mi sí ọmọ náà bíi pé owó mi ló kó lọ. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó bi ara mi léèrè pé ìdíje mélòó ni mo ti wo Bailey gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹyọ kan. Lára àwọn ẹlòmíràn ni mo ti wò ó kọ, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn náà ti wò ó kọ lára ara wọn.

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, mi ò ní kọ àròkọ yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ 12 ni wọ́n máa ń yàn láti ṣojú wa nínú ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí olùkọ́ yàn wọ́n, èmi, ọ̀jọ̀gbọ́n draft, kọ àtẹ àsọtẹ́lẹ̀ tèmi sára pátákó ẹ̀yìn kíláàsì. Àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn ń wá wò ó. Mo to orúkọ 12, mo fa ìlà sísàlẹ̀ rẹ̀, mo wá kọ orúkọ mẹ́ta sábẹ́ ìlà náà gẹ́gẹ́ bí àwọn tí kò ní rí ààyè. Ọmọ SS 1 kan wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Bí àwọn ọ̀gá mi ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é: mo kọ gbólóhùn kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀, pé apá rẹ̀ kúrú. Láti ọjọ́ kejì, kò wá sí pápá mọ́. Nígbà tí olùkọ́ ka orúkọ, mọ́kànlá nínú méjìlá tí mo kọ ló bọ́ sí i, àwọn ọmọ kíláàsì mi gbé mi sókè. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀ kí olùkọ́ yàn án tàbí kó má yàn án. N kò lè mọ̀ láéláé bóyá mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, tàbí èmi ni mo fà á.

Mo pàdé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi ní táàmù tó tẹ̀ lé e. Mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó rìn díẹ̀, ó wá yíjú padà, ó ní, "Sẹ́níọ̀, ìgbà wo lẹ wò mí tí mo ń gbá?" Mo ti máa ń rí i lórí pápá lóòótọ́. N kò wò ó rí.

Mo ṣì ń ka àtẹ àsọtẹ́lẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí n gba tirẹ̀ gbọ́ báyìí, kó kọ iye tó gbà lọ́dún tó kọjá sókè àtẹ tuntun, kí a lè rí i. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀. Kó ya "mo gbọ́ ọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "mo rí i". Bí ó bá sì ti dé ibi tí kò mọ ohunkóhun nípa ọmọ kan mọ́, bóyá ní ipò ogún, kó dúró síbẹ̀, kó má fi gíga ọmọ náà àti gígùn apá rẹ̀ dí ààyè.

Ìwé tèmi ti ọdún yìí ní ìlà mẹ́rin lójú ewé: orúkọ, ẹni tó sọ fún mi, ìdíje tí mo wò tán, ohun kan tí mo rí fúnra mi. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìlà kejì ti kún. Nínú ìlà kẹta àti ìkẹrin, méjì péré ni mo tíì kọ nǹkan sí.